Fóònù Tọ́ọ̀ṣì Tí Olè Yàn Láàyò

Ọjọ́ Ẹtì ni, oòrùn ti ń rọ̀, nígbà tí Bàbá Boniface sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò tó gbé e láti Ọ̀wọ̀ padà sí Ìyere. Ó gbé àpò rẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì iwájú ilé, ó ṣí fìlà, ó ní kí ìyàwó òun bu omi wá. Bó ti fẹ́ ki ọwọ́ bọ inú àpò náà ló rí i pé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ti là gbọọrọ, bí ìgbà tí èèyàn fi abẹ la inú ẹja.

"Ìyá Ṣèyí! Wá wo iṣẹ́ ọwọ́ olè!"

Ìbílọlá, ìyàwó rẹ̀, sáré jáde tòun ti ife omi lọ́wọ́. Àwọn méjèèjì da gbogbo ohun tó wà nínú àpò sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Aṣọ léèsì tí télọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rán tán fún ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wà níbẹ̀. Aago olómi wúrà tí wọ́n fún un lọ́jọ́ tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀, èyí tó gbé lọ síbi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ bátìrì, wà níbẹ̀. Awò ojú rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ohun méjì péré ni kò sí: fóònù tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kékeré, èyí tí nọ́ńbà ti pa rẹ́ lójú bọ́tìnnì rẹ̀, àti àpòòwé tí ẹ̀dà ìwé NIN rẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Bàbá Boniface tún gbọn àpò náà wò. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Olè yìí mà kúkú gọ̀ o! Ó fi léèsì sílẹ̀, ó fi aago sílẹ̀, ó wá gbé fóònù tọ́ọ̀ṣì sá lọ!"

"Ọlọ́run ló bá wa di ojú rẹ̀," Ìbílọlá sọ, ó sì ń fi ọwọ́ nu léèsì náà bí ẹni pé ọwọ́ olè ti kàn án.

Bàbá Boniface rò pé òun mọ olè. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ewúrẹ́ àti aṣọ orí okùn ni wọ́n ń jí ní Ìyere, àti kòkó tí wọ́n bá sá sílẹ̀ láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Lọ́dún tó gbéyàwó, kẹ̀kẹ́ ológeere ló gbòde; òun gan-an sá tẹ̀ lé ọ̀kan nínú àwọn olè náà títí dé etí odò kó tó gba kẹ̀kẹ́ rẹ̀ padà. Nígbà tó yá, rédíò ni wọ́n ń gbé. Lẹ́yìn rédíò ó kan tẹlifíṣàn, lẹ́yìn tẹlifíṣàn ó kan jẹnẹrétọ̀ kékeré. Nígbà tí fóònù ńlá sì dé, fóònù ńlá náà ni. Lójú tirẹ̀, ohun tó bá níye lórí ni olè ń gbé. Ohun tí kò bá níye lórí, olè kì í wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ojú yẹn ló fi wo ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi, ó fi ṣe àpárá lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì tó ti jẹ́ olórí àwọn tó ń bójú tó ìjókòó. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí. Ẹnì kan ní olè ọ̀hún á ti máa gbá orí ara rẹ̀ mọ́ ògiri báyìí.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò rẹ́rìn-ín. Hàlímàt ni. Ọmọ Ìkàrẹ́ Àkókó ni, ó ń ṣe akọ̀wé ní kóòtù kan ní Ọ̀wọ̀, yàrá méjì tó wà lápá ẹ̀yìn ilé Bàbá Boniface ló sì háyà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi yẹn ló gbọ́ ìtàn náà lẹ́nu Ìbílọlá. Ó wá kúnlẹ̀ kí bàbá.

"Ẹ kú ewu o, Bàbá. Ṣé ẹ ti ní kí wọ́n dí láìnì yẹn pa?"

"Láìnì wo?"

"Èyí tó wà nínú fóònù tí wọ́n jí."

"Háà, Hàlímàt. Ṣé o ò rí fóònù ńlá tí Ṣèyíọlá ọmọ mi rà fún mi láti Àkúrẹ́ ni? Láìnì mìíràn wà nínú ẹ̀. Nítorí tọ́ọ̀ṣì ni mo ṣe ń gbé ìyẹn kiri. Kí ni mo tún ń wá lára ẹ̀?"

"Mi ò sọ ti fóònù, Bàbá. Orúkọ yín ló wà lára síìmù yẹn. NIN yín ni wọ́n so mọ́ ọn. Bí ẹnikẹ́ni bá fi pe èèyàn lónìí, ẹ̀yin lẹ pè é lójú ìjọba."

Bàbá Boniface tún rẹ́rìn-ín. "Kí ni wọ́n fẹ́ fi nọ́ńbà èmi arúgbó ṣe?"

"Mo rí ohun tí wọ́n ń fi í ṣe ní kóòtù, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, lọ́la ọjọ́ Ajé, ẹ jẹ́ ká jọ lọ. Ẹ ó fi tó àgọ́ ọlọ́pàá létí, ẹ ó búra ní kóòtù wa pé wọ́n jí i, ká tó yà sí ọ́fíìsì àwọn tó ni láìnì. Ká tó jẹun ọ̀sán, a ti parí ẹ̀."

"Kí èmi lọ tò ní téṣàn nítorí fóònù tọ́ọ̀ṣì? Kí àwọn ọlọ́pàá máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́? Rárá o, ọmọ mi. Olówó ni irú wàhálà bẹ́ẹ̀ wà fún."

Hàlímàt kì í ṣe ẹni tó ń bá àgbà fa ọ̀rọ̀. Ó rọra dìde.

Ọjọ́ Ajé dé, òjò rọ̀. Ní Ọjọ́rú, Hàlímàt tún rán bàbá létí nígbà tó ń jáde lọ síbi iṣẹ́. Bàbá ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ dé, ó ti gbàgbé pé fóònù kan sọnù rí.

* * *

Ọjọ́ kejìlá lẹ́yìn tí wọ́n la àpò rẹ̀, Bàbá Boniface ń kan ẹsẹ̀ àga ṣọ́ọ̀ṣì kan níwájú ilé nígbà tí ọkọ̀ ọlọ́pàá dúró ní ẹ̀bá títì. Ọlọ́pàá mẹ́rin bọ́ sílẹ̀. Obìnrin kan tẹ̀ lé wọn. Aṣọ ara rẹ̀ ti rún, ó so ìborùn mọ́ ìdí, ojú rẹ̀ sì pọ́n bí ojú ẹni tí kò sùn fún ọjọ́ púpọ̀.

"Ṣé ibí ni ilé Ọ̀gbẹ́ni Boniface Ọláyọ̀?" ọ̀gá wọn béèrè.

"Èmi nìyí. Ẹ káàbọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fún yín ní àga."

Wọn ò jókòó. Ọ̀gá náà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ìnsípẹ́kítọ̀ Hàmídù, ṣí ìwé kan, ó sì ka nọ́ńbà kan síta ní méjì méjì.

"Ta ló ni nọ́ńbà yìí?"

Òòlù já bọ́ lọ́wọ́ Bàbá Boniface. Nọ́ńbà rẹ̀ ni. Ó ti lò ó fún ọdún mẹ́rìnlá. Òun ló kọ sára fọ́ọ̀mù ìfẹ̀yìntì rẹ̀, òun ló sì kọ sínú ìwé ṣọ́ọ̀ṣì.

"Tèmi ni," ó wí. "Àmọ́..."

Kò tíì parí ọ̀rọ̀ tí obìnrin náà fi já sáàárín àwọn ọlọ́pàá, tó di ọrùn aṣọ rẹ̀ mú.

"Ọmọ mi dà? Bàbá, níbo lẹ gbé ọmọ mi sí? Ẹ ti dàgbà! Ẹ ní ewú lórí! Níbo ni Olúwaṣeun wà?"

Àwọn aládùúgbò ti ń jáde. Àwọn tí wọ́n jọ rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì wà lára wọn. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n kàn dúró, wọ́n ń wo bàbá tó ń fi ìjókòó hàn wọ́n ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n sì ń wo obìnrin tó ń mì í.

Adéfúnkẹ́ ni orúkọ obìnrin náà. Opó ni, Ìfọ́n ló ń gbé, gààrì ló ń yan tà. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ló bí. Ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ni àwọn ajínigbé wọ inú oko iṣu tí Olúwaṣeun dá sẹ́yìn Ìfọ́n, tí wọ́n sì gbé e wọ igbó. Látìgbà náà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù, tí wọ́n ń béèrè owó ìtúsílẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n jẹ́ kí ó gbọ́ ohùn ọmọ náà: "Ìyá mi, ẹsẹ̀ mi o." Nọ́ńbà Bàbá Boniface ni wọ́n fi pè é ní ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta.

"Wọ́n jí fóònù náà lọ́wọ́ mi ni!" Bàbá Boniface ké. "Ẹ bi gbogbo Ìyere!"

"Ẹ ó sọ ọ́ ní téṣàn, Bàbá," Ìnsípẹ́kítọ̀ Hàmídù dáhùn. Kò pariwo mọ́ ọn, kò sì gbá a mú. Ó kàn ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ fún un.

Ìbílọlá sáré tẹ̀ lé ọkọ̀ náà dé orígun ilé kẹta láìwọ bàtà, kó tó jókòó sílẹ̀ nínú eruku.

* * *

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n fún Bàbá Boniface ní bébà kó kọ ohun tó mọ̀ sí i. Ọwọ́ tó ti fi kọ̀wé ìjọba fún ọdún márùndínlógójì ló fi kọ orúkọ ara rẹ̀ sókè bébà náà.

"Ọjọ́ wo ni wọ́n jí fóònù náà?" Ìnsípẹ́kítọ̀ bi í.

"Ọjọ́ Ẹtì, ó pé ọjọ́ kejìlá lónìí."

"Ta lẹ sọ fún?"

"Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ló gbọ́."

"Téṣàn wo lẹ ti sọ ọ́?"

"Mi ò lọ sí èyíkéyìí."

"Ìwé ìbúra kóòtù ńkọ́? Ṣé ẹ ní kí àwọn tó ni láìnì dí i?"

"Mi ò ṣe é, ọ̀gá. Mo rò pé fóònù tọ́ọ̀ṣì lásán ni."

Ìnsípẹ́kítọ̀ Hàmídù fi gègé lélẹ̀. "Bàbá, mo fẹ́ gbà yín gbọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ ọlọ́mọ wà nínú igbó, orúkọ yín sì ni ohun kan ṣoṣo tó wà lọ́wọ́ wa. Bí mo bá jẹ́ kí ẹ máa lọ sílé, tó wá jẹ́ pé irọ́ lẹ pa, kí ni mo fẹ́ sọ fún ìyá rẹ̀?"

Wọ́n tì í mọ́lé. Ọkùnrin mẹ́fà ló bá nínú yàrá náà. Ọ̀kan nínú wọn sún fún un kó lè rí ibi fẹ̀yìn tì. Ó jókòó síbẹ̀, ó gbé orí lé eékún. Ní gbogbo ọdún tó fi ṣiṣẹ́ ìjọba, ẹnì kan ò pe orúkọ rẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ àbùkù rí. Bàbá tó bí i kú láìní ilé, láìní oko kòkó; ohun tó sọ fún un lórí àìsàn ni pé kó má ba orúkọ jẹ́. Ní báyìí, wọ́n ti kọ orúkọ yẹn sínú ìwé àwọn ajínigbé.

Ìbílọlá gbé oúnjẹ wá, bàbá ò lè jẹ ẹ́. Fadá wá, ó gbàdúrà fún un. Ṣèyíọlá sọ̀ kalẹ̀ láti Àkúrẹ́, ó ń sunkún ní kántà. Hàlímàt nìkan ni kò sunkún. Ó kọ gbogbo ohun tó mọ̀ sínú ìwé, ó fọwọ́ sí i: ọjọ́ tó gbọ́ nípa olè náà, ohun tó sọ fún bàbá, èsì tí bàbá fún un. Ó mú àpò tí wọ́n là náà wá. Ó wá dẹ́rẹ́bà tó gbé bàbá lọ́jọ́ náà rí, ó sì mú un dé téṣàn. Dẹ́rẹ́bà ní òun rántí pé ọkùnrin méjì tó jókòó ti bàbá sọ̀ kalẹ̀ lójijì, wọn ò dé ibi tí wọ́n ní àwọn ń lọ.

Síbẹ̀, ó gba ọjọ́ méjì. Ọlọ́pàá lọ yẹ oko Bàbá Boniface wò. Wọ́n lọ sílé àwọn ẹbí rẹ̀. Wọ́n yẹ gbogbo nọ́ńbà tó wà nínú fóònù ńlá rẹ̀ wò, wọ́n sì fi wé àkókò tí àwọn ajínigbé pe ìyá Olúwaṣeun. Ìgbà yẹn ló tó hàn gbangba pé ọwọ́ bàbá mọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, Ìnsípẹ́kítọ̀ Hàmídù pè é sí ọ́fíìsì, ó fi àga fún un. Hàlímàt àti Ìbílọlá wà níbẹ̀.

"Bàbá, ẹ ó máa lọ sílé. Ẹ má bínú sí wa."

"Ọ̀gá, ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ kí ẹ là mí lóye ẹ̀," Bàbá Boniface wí. "Léèsì tuntun wà nínú àpò yẹn. Aago wà níbẹ̀. Kí ló dé tó fi jẹ́ fóònù yẹn ni wọ́n mú?"

"Bí mo bá jí léèsì yín, Bàbá, kí ni mo fẹ́ fi ṣe?"

"Ẹ ó tà á."

"Bí mo bá ti tà á, ó tán nìyẹn. Àwọn olè ayé ìsinsìnyí ti kúrò nídìí aṣọ. Bí ajínigbé tàbí oníjìbìtì bá ra síìmù fúnra rẹ̀, wọ́n á ní kó mú NIN wá, kó ya fọ́tò, kó tẹ̀ka. Kò jẹ́ dán an wò. Ohun tó ń wá ni síìmù tí ọmọlúàbí kan ti fi orúkọ rẹ̀ gbà. Bí ẹni ọ̀hún bá jẹ́ àgbà tí kò ní ka fóònù kékeré sí, tí kò ní pariwo, tí kò ní dí láìnì, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní ọjà gidi. Wọ́n mú ìwé NIN yín kún un kí wọ́n lè mọ orúkọ tí wọ́n ń jẹ́, bí ẹnì kan bá béèrè."

"Ọmọ yìí sọ fún mi," Bàbá Boniface wí, ó sì tọ́ka sí Hàlímàt. "Ẹ̀ẹ̀mejì ló sọ fún mi."

Hàlímàt wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Bàbá, ẹ jẹ́ ká lọ sílé ná."

Ṣùgbọ́n bàbá ò tíì dìde. "Ọmọ obìnrin yẹn ńkọ́? Ṣé ẹ ti rí i?"

Ìnsípẹ́kítọ̀ mi orí. "A ò tíì rí i. Ìdajì àwọn èèyàn mi ló ń wádìí yín láti ìjẹta, Bàbá. Àárọ̀ yìí ni gbogbo wa tó kọjú sí igbó Ọ̀sẹ́ lẹ́yìn Ìfọ́n."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni Bàbá Boniface gbé lọ sílé. Àwọn aládùúgbò wá kí i kú oríire, wọ́n ní kó fi ọpẹ́ fún Ọlọ́run. Ó ń dá wọn lóhùn, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ò sí lọ́dọ̀ wọn. Ọjọ́ méjì. Ọjọ́ méjì tí wọ́n fi ń wá ọmọ ọlọ́mọ ní oko rẹ̀, níbi tí ọmọ náà kò dé rí.

* * *

Lọ́jọ́ kejì ọjọ́ tó délé ni àwọn ọdẹ àti ọlọ́pàá rí Olúwaṣeun. Àwọn ajínigbé ti gbọ́ ìró wọn, wọ́n sá fi í sílẹ̀ lábẹ́ igi kan. Ó wà láàyè. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e ni wọ́n ti ṣá a ní àdá lókè ọrùn ẹsẹ̀ nítorí pé ó fẹ́ sá. Egbò náà ti kẹ̀, ó ti dúdú dé agbedeméjì ojúgun. Ní ilé ìwòsàn ní Ọ̀wọ̀, àwọn dókítà gé ẹsẹ̀ náà nísàlẹ̀ orúnkún kí wọ́n lè gba ẹ̀mí rẹ̀ là.

Nígbà tí Bàbá Boniface gbọ́, ó wọ aṣọ, ó ní òun ń lọ sí Ọ̀wọ̀.

"Kí lẹ fẹ́ lọ sọ fún wọn?" Ìbílọlá bi í. "Ẹ̀yin kọ́ lẹ ṣá a."

"Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ṣùgbọ́n mi ò lè jókòó síbí."

Hàlímàt bá a lọ. Wọ́n bá Adéfúnkẹ́ lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ rẹ̀, ó ń fi aṣọ tútù nu iwájú orí rẹ̀. Nígbà tó rí Bàbá Boniface, ó dìde, ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ foríjì mí. Mo di yín lọ́rùn mú lójú gbogbo ayé."

"Dìde, jọ̀ọ́, dìde." Bàbá Boniface ṣí fìlà, ó fi í mọ́ àyà. "Èmi ni mo wá bẹ̀ yín. Mo mọ̀ pé wọ́n jí fóònù mi. Ọmọ yìí sọ ohun tí mo lè ṣe fún mi. Mo ní kò ṣe pàtàkì. Nítorí pé mi ò ṣe é, wọ́n fi ọjọ́ méjì wá ọmọ yín níbi tí kò sí."

Adéfúnkẹ́ dìde, ó padà jókòó. Omi ń dà lójú rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò sì nù ún. Ó wí pé, "Mo bi dókítà bóyá ẹsẹ̀ náà ì bá máà lọ, ká ní wọ́n tètè rí i. Ó ní òun ò lè sọ. Mi ò tún ní bi í mọ́, Bàbá. Bí mo bá ń bi í, mi ò ní lè sùn."

Olúwaṣeun ti la ojú. Ọ̀dọ́kùnrin ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni, ètè rẹ̀ gbẹ, ojú rẹ̀ sì jìn wọnú.

"Ṣé ẹ̀yin ni Boniface tí ìyá mi ń sọ?" ó béèrè.

"Èmi ni, ọmọ mi."

"Fóònù kéékèèké kún inú ọ̀rá kan lọ́wọ́ wọn. Mo ka méje. Wọ́n wé bébà mọ́ ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan, orúkọ ẹni tó ni ín ló wà lára bébà náà. Orúkọ yẹn ni wọ́n fi ń pe fóònù. Bí wọ́n bá fẹ́ pe ìyá mi, ọ̀gá wọn á ní, 'Ẹ mú Boniface wá.'" Ó sinmi díẹ̀. "Èmi rò pé ọ̀kan nínú wọn ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ bá ń ro mí, ẹni tó ń jẹ́ Boniface ni mò ń ṣépè fún. Ẹ dárí jì mí, Bàbá. Mi ò mọ̀ pé àgbàlagbà kan ló ni orúkọ náà."

Bàbá Boniface di irin bẹ́ẹ̀dì mú. Hàlímàt ló fà á jókòó.

Bàbá Boniface ń lọ sí ilé ìwòsàn náà lójoojúmọ́ títí wọ́n fi dá Olúwaṣeun sílẹ̀. Nígbà mìíràn, kò ní sọ ju gbólóhùn méjì lọ. Ó kàn ń jókòó kí Adéfúnkẹ́ lè ráyè lọ wẹ̀, kí ó sì na ẹ̀yìn.

Nígbà tí Adéfúnkẹ́ àti ọmọ rẹ̀ padà sí Ìfọ́n, Bàbá Boniface tọ Fadá lọ, ó ní òun fẹ́ sọ̀rọ̀ níwájú ìjọ. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó dúró níbi tó ti ṣe àpárá rí, ó sì sọ ìtàn náà láìfi ohun kan pamọ́, títí kan ẹ̀rín tó rín Hàlímàt. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Hàlímàt mú un lọ sí mọ́ṣáláṣí tirẹ̀, bàbá sì sọ ọ́ níbẹ̀ náà. Ó sọ ọ́ fún àwọn ọlọ́kadà àti àwọn dẹ́rẹ́bà ní gáréèjì. Ní gbogbo ibi tó bá dé, Hàlímàt á dúró tì í, á sì dáhùn ìbéèrè.

Obìnrin kan béèrè ní gáréèjì pé, "Bí èèyàn ò bá ní owó nínú báǹkì ńkọ́? Ṣé ó tún yẹ kó dí láìnì?"

"Ìyá, ṣé ẹ ní orúkọ?" Hàlímàt bi í.

"Mo ní orúkọ."

"Ohun tí wọ́n ń wá nìyẹn."

* * *

Ẹ̀yin ará wa ní Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́, ohun tí olè ń jí ti yí padà. Ẹ jẹ́ kí ìṣọ́ra wa náà yí padà. Bí wọ́n bá jí fóònù yín, tàbí tó bọ́ sọnù, ẹ má wo bó ti kéré tó, ẹ má sì wo bó ti gbó tó. Lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ tó sùn, ẹ yá fóònù ẹlòmíràn, ẹ pe ilé-iṣẹ́ tó ni láìnì yín, kí wọ́n dí i pa. Bí ẹ bá ní àkáǹtì tó so mọ́ nọ́ńbà náà, ẹ pe báǹkì pẹ̀lú.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sọ ọ́ ní àgọ́ ọlọ́pàá, kí ẹ sì lọ búra ní kóòtù pé fóònù náà ti kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹ tọ́jú ìwé méjèèjì. Ọjọ́ tó wà lára ìwé yẹn ni yóò jẹ́rìí yín bí ẹlòmíràn bá fi orúkọ yín hùwà ibi. Ẹ̀rí ẹnu lásán kì í tètè dá ènìyàn nídè. Ìwé yìí náà ni ẹ ó mú dání, pẹ̀lú NIN yín, tí ẹ bá fẹ́ gba nọ́ńbà yín padà.

Ẹ má ṣe máa gbé ìwé NIN kiri inú àpò láìnídìí. Ẹ má fi orúkọ yín gba síìmù fún ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe ọ̀rẹ́, ìbáà ṣe oníbàárà. Bí ẹ bá ní láìnì tí ẹ ò lò mọ́, ẹ lọ sọ fún àwọn tó ni ín, ẹ má kàn jù ú sínú àpótí. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ra fóònù ńlá fún bàbá àti ìyá yín, ẹ bi wọ́n léèrè ibi tí èyí tó kéré wà. Ẹ bá wọn fi nọ́ńbà àṣírí (PIN) ti síìmù náà pa, kí ẹlòmíràn má lè lò ó. Ẹ tẹ *#06# lórí fóònù náà, ẹ kọ nọ́ńbà tó bá jáde sínú ìwé kan nílé, nítorí òun ni ọlọ́pàá fi ń dá fóònù kan mọ̀ yàtọ̀ sí òmíràn.

Bí ọmọdé tàbí ayálégbé yín bá sì kìlọ̀ fún yín lórí ọ̀rọ̀ bí èyí, ẹ má fi í rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ẹ bá ń rò ó bóyá kí ẹ lọ tàbí kí ẹ má lọ, ẹ rántí pé ẹnì kan lè wà nínú igbó, tó ń retí kí àwọn tó ń wá a gba ọ̀nà tó tọ́.